Bí Èmi àti Abẹ Ṣe Wá Rẹ́ Lórí Orí Mi

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ya fọ́tò náà. Ọjọ́ tí Arugbá gbé igbá ni, lóṣù kẹjọ ọdún 2019, àwa ayàwòrán sì ti ń sá sókè sá sódò láti ààfin Àtáọ́ja títí wọ inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Èrò pọ̀ lọ bí omi, òógùn bo gbogbo wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò wà lẹ́yìn mi, ó sì yà mí mọ́ èrò níbi tí mo ti gbé kámẹ́rà sókè. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Mo ń fojú wá Arugbá nínú àwòrán yẹn, ìpàkọ́ ara mi ni ojú mi bá. Ó ti sú. Kókó wóróworo tó ogún láti ẹ̀yìn etí kan dé ẹ̀yìn etí kejì, òmíràn dúdú, òmíràn pọ́n, méjì nínú wọn ti kún fún ọyún.

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ nígbà náà tí mo ti ń fárí kodoro. Mo mọ̀ pé ó ń yún mi, mo mọ̀ pé ó ń ta mí bí òógùn bá kàn án, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ohun tí ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀ ń wò nìyẹn. Mo tẹ fọ́tò náà, mo fẹ̀ ẹ́, mo wò ó títí. Ó dùn mí gan-an.

Ẹni tí awọ orí rẹ̀ jọ tèmi ni mo ń kọ èyí fún, awọ tó jẹ́ pé ọṣẹ olóòórùn lásán lè mú kó le kókó, tí fìlà tuntun lè mú kó máa yún láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀pọ̀ irú wa ló wà tí a rò pé a kò lè fárí láyé. A lè fá a. Àmọ́ bí àwọn tó kù ṣe ń fá tiwọn kọ́ ni a ó ṣe fá tiwa.

Irun mi ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Apárí pọ̀ nílé bàbá mi. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, iwájú orí mi ti ń sún sẹ́yìn, àtàrí náà ti ń fọ́nká, n kò sì bọ́ fìlà sílẹ̀ mọ́ níta. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan pé, “Dádì, ẹ kúkú fá a tán, kí ọkàn yín balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo lọ bá onígbàjámọ̀ tó ti ń gẹ irun mi láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Gbogbo ohun tó ṣe fún mi lọ́jọ́ náà ni gbogbo onígbàjámọ̀ ń ṣe, n kò ka ẹ̀bi sí i lọ́rùn. Ó fi kílípà gẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó fi fọ́ọ̀mù funfun kun ún, kò dúró rárá, ó mú abẹ onígi tó ní ẹnu mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ òsì na awọ orí mi le dandan bí ẹni ń na awọ gángan. Ó fá a láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ó fọwọ́ pa á, ó ní ó ṣì ń họ, ó tún dá a padà láti ìpàkọ́ wá sí iwájú. Nígbà tó dán tẹ́rùn, ó da sípírítì sínú òwú, ó sì fi nù ún. Mo di apá àga mú. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ó ń pa kòkòrò ni.” Lẹ́yìn náà ó fi ìpara olóòórùn dídùn kun ún, ó gbé dígí fún mi. Ó dán gbinrin. Ó wù mí púpọ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ó jọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà di ẹni tí mo jẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn n kò lè gbé orí lé irọ̀rí. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, á máa jó mi, bí mo bá yí sí òsì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, irun ti ń yọrí, kókó sì ti ń yọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá tún fá a, yóò lọ. Mo padà lọ fá a, abẹ náà gba orí àwọn kókó yẹn kọjá, ó sì ń bẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ kán sí kọ́là mi.

N ó yára sọ àwọn àṣìṣe kan kọjá, nítorí kò sí ohun tó lọ títí nínú wọn. Mo fi abẹ́rẹ́ tú irun jáde nínú awọ. Ibi tí mo tú yẹn ló di àpá dúdú tó wà nítòsí etí mi títí dòní. Mo ń fi sípírítì nù ún láàárọ̀ lálẹ́, awọ náà gbẹ, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Mo ra ìpara àpòpọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lọ́jà. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, gbogbo rẹ̀ pòórá, inú mi dùn. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ó padà wá ní ìlọ́po, awọ ibẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́, ó ń dán ní ọ̀nà tí kò dára. Lẹ́yìn ìgbà náà ni dókítà ṣàlàyé fún mi pé irú ìpara bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní stẹ́rọ́ìdì nínú, pé bí a bá ń fi í para títí, ó máa ń jẹ awọ tín-ín-rín, kì í sì í wo ohun tó fa àrùn. Ó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Ti páúdà ni n kò lè yára kọjá.

Páúdà ìfárí kan wà tí a ń fi omi pò, tí a ó fi kun irun, tí a ó sì nù kúrò tòun ti irun láìlo abẹ rárá. Nígbà tí abẹ ti ṣe mí bẹ́ẹ̀, mo ní èyí ni yóò gbà mí. Ilé ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo wà lọ́jọ́ náà. Aláró ni ìyá mi. Àdìrẹ ló fi tọ́ wa, àwọn ìkòkò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé títí di ìsinsìnyí, èékánná rẹ̀ kò sì mọ́ kúrò ní aláwọ̀ aró rí láyé mi. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ìkòkò, mo pò ó, mo kùn ún sórí. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó má kọjá ìṣẹ́jú méje. Irun ìpàkọ́ mi le, mo ní kí n fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Òórùn rẹ̀ ni ìyá mi gbọ́ tó fi jáde. “Àkànní, kí lò ń fi kun orí tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu báyìí?” Mo ṣàlàyé fún un. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. “Ohun tó lè jẹ irun, ṣé o rò pé ó mọ ibi tí irun parí sí, tí awọ ti bẹ̀rẹ̀?” Ó fa ọwọ́ mi, ó tẹ orí mi sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì ṣí i. Kò jẹ́ kí n dìde. Omi yẹn ń ṣàn lórí mi títí ọrùn fi ń dùn mí, bí mo bá ti fẹ́ gbórí sókè, á tún tẹ̀ ẹ́ padà. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Mo ní kó jẹ́ kí n fi òrí sí i nítorí ó ti ń ta mí burúkú. Ó ní rárá, òróró tàbí òrí kì í kọ́kọ́ kan ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá jó, omi ni, omi púpọ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ hàn mí, ibi tí awọ ti ṣù pọ̀, tó ń dán bí ọ̀rá. Sódà tí wọ́n ń fi pa aró ló ta sí i lára kí wọ́n tó bí mi. Kò sí omi nítòsí lọ́jọ́ náà, ni ẹnìkan bá fi àdí àgbọn kùn ún fún un.

Mo ti rí àpá yẹn láti kékeré, n kò sì bi í léèrè rí.

Orí mi bó níbi méjì, ṣùgbọ́n kò dá egbò jíjìn, omi yẹn ló sì kó mi yọ. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo páúdà ìfárí, nítorí mo mọ àwọn tó ń lò ó tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́ yín, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo ohun tí awọ yóò sọ. Bí ẹ bá sì máa kùn ún sórí, aago ni kí ẹ wò, ẹ má wo irun.

Lẹ́yìn fọ́tò ọjọ́ Ọ̀ṣun yẹn ni mo tó gba ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara lọ. Obìnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún lójú mi. Ó gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lé ìpàkọ́ mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé, ó mú bírò, ó ya irun kan fún mi.

Ó ní irun àwa aláwọ̀ dúdú kì í jáde tààrà. Láti ìdí rẹ̀ nínú awọ ló ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Bí abẹ bá gé e, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó. Bó ti ń hù, tó sì ń ká bí ìṣe rẹ̀, ṣóńṣó yẹn á yí padà, á gún awọ, á tún wọlé. Ọ̀nà kejì ló jẹ́ kí n dìde jókòó dáadáa. Abẹ tó ní ẹnu méjì, mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ á fa irun jáde díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e, ohun tó kù á sì fà sẹ́yìn wọ abẹ́ awọ lọ. Bí a bá na awọ nígbà tí a ń fá, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dán bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irun tó wà lábẹ́ awọ yẹn kò ní dúró síbẹ̀, yóò hù, kò sì ní rí ojú ọ̀nà, inú ẹran ara ni yóò máa gún lọ. Ara á wá bá a jà bí ìgbà tí ẹ̀gún bá wọ̀ ọ́. Kókó yẹn, ìjà yẹn ni.

Mo ronú sí i. Mo ti ń fi sípírítì fọ ẹ̀gbin tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo nǹkan tí onígbàjámọ̀ mi ṣe kó lè dán, awọ tó nà, ẹnu mẹ́ta, dídá a padà lòdì sí bí irun ṣe ń hù, gbogbo rẹ̀ ló ń ti irun wọ abẹ́ awọ. Dídán tí mo fẹ́ràn yẹn gan-an ni àìsàn mi.

Ó tún fi ọwọ́ kan ìpàkọ́ mi lọ́tọ̀. Ó ní èyí tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àtàrí, pé orúkọ rẹ̀ ni acne keloidalis nuchae, pé àwa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí irun wa ká ló sábà ń mú, kì í sì í ṣe àrùn tí èèyàn ń kó ran ẹlòmíràn. Fífá irun ibẹ̀ mọ́ra jù àti kọ́là tó ń ha á máa ń dá kún un. Bí a bá tètè mú un, oògùn á kápá rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, àwọn kókó yẹn á so pọ̀, wọ́n á di àpá líle tí irun kì í hù lórí rẹ̀ mọ́, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ á dé. Nítorí náà, ẹni tí kókó bá dúró sí ìpàkọ́ rẹ̀ ju oṣù kan sí méjì lọ, tó sì ń le, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ fi han dókítà. Ẹ má fi owó yẹn ra ìpara ọjà.

Ó fún mi ní oògùn ìfọ̀ tí benzoyl peroxide wà nínú rẹ̀, àti ìpara kan fún alẹ́. Kò sọ fún mi pé oògùn ìfọ̀ yẹn máa ń ṣí àwọ̀ lára aṣọ, tàbí ó sọ ọ́ tí n kò gbọ́. Ìyá mi ti ṣe àpò irọ̀rí àdìrẹ kan fún mi, aláwọ̀ aró tó dúdú kirikiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ibi tí mo ń gbé orí lé ti funfun, roboto, bí òṣùpá. Ìyàwó mi fẹ́ jù ú nù, mo ní kó fi í sílẹ̀. Aṣọ funfun ni kí ẹ máa fi nu ara bí wọ́n bá fún yín ní oògùn yẹn.

Òfin tó le jù tí dókítà fún mi ni pé kí abẹ má ṣe kan orí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Irun máa ń gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Bó bá ti gùn tó bẹ́ẹ̀, èyí tó ká wọ awọ á fa ara rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, láìsí abẹ́rẹ́. Mo gbà. Mo padà sínú fìlà. Àwọn èèyàn bi mí bóyá mo ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé, ìpàkọ́ mi sì rọ̀.

Kí n tó mú abẹ padà, mo ṣe ohun kan tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Mo ní kí ìyàwó mi fi fóònù ya orí mi láti ọ̀nà mẹ́rin, iwájú, ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, nígbà tí irun ṣì kúrú lórí. Lẹ́yìn náà mo pa ojú dé, mo ń fi ìka méjì wọ́ orí mi ní díẹ̀díẹ̀. Bí ìka bá lọ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni irun dorí kọ. Bó bá họ, mo ń dojú kọ ọ́ nìyẹn. Mo fa ọfà lé orí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ó yà mí lẹ́nu. Ti iwájú ń hù wá síwájú. Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń lọ sísàlẹ̀. Ti àtàrí ń yí po bí omi tó ń wọ ihò. Ti ìpàkọ́ kò lọ sísàlẹ̀ bí mo ti rò, láti ọ̀tún ló ti ń dà lọ sí òsì, ó sì ń gòkè díẹ̀. Fún oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi ń fá a, kò sí ìgbà kan tí abẹ bá ìpàkọ́ mi rìn. Orí tí mo ti gbé kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò mọ̀ ọ́n.

Báyìí, alẹ́ ni mo máa ń fá a, torí kí oòrùn má bàa pa á lọ́jọ́ kan náà, kí awọ lè fi òru sinmi. Lẹ́yìn tí mo bá wẹ̀ ni. N ó ki aṣọ ìnura sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, n ó fi bo orí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi yẹn ló ń rọ irun, irun tó rọ̀ kì í mú ṣóńṣó bí èyí tó gbẹ. N ó wá fi fọ́ọ̀mù tí kò ní òórùn kùn ún kó nípọn, n ó sì dúró. Dídúró yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni. Abẹ ẹlẹ́nu kan nínú igi rẹ̀ ni mo ń lò, tuntun tàbí èyí tí mo ti lò lẹ́ẹ̀mejì péré. N kì í na awọ. N kì í tẹ̀ ẹ́, ìwúwo igi náà ti tó. N ó bá irun rìn gẹ́gẹ́ bí ọfà mi ti wí, ní díẹ̀díẹ̀, n ó máa ṣan abẹ lẹ́yìn gbogbo ìfà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tó bá ṣẹ́kù, ó ṣẹ́kù nìyẹn. Omi tútù ló ń tẹ̀ lé e, n ó fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láì nù ún, n ó sì fi òrí tí kò ju orí ìka lọ pa á lára. Ó di ọjọ́ kẹrin tàbí karùn-ún kí n tó tún fá a.

Bí mo bá fọwọ́ pa orí mi lọ sẹ́yìn, á họ díẹ̀. Ìhọ díẹ̀ yẹn ni mo fi ra àlàáfíà. Ayàwòrán ni mí, mo mọ ohun tí ojú ń rí. Láti ìṣísẹ̀ kan péré, kámẹ́rà mi kò rí i. Ẹni tó sún mọ́ mi débi tó lè mọ̀ ọ́n, ìyàwó mi ni, òun sì ti sọ pé èyí tẹ́ òun lọ́rùn ju orí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn lọ. Ìpàkọ́ mi kò tún rí abẹ mọ́ láti ìgbà náà. Kílípà tí kò ní kóòmù ni mo ń fi gẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí awọ yín kò bá gba abẹ ẹlẹ́nu kan pàápàá, ẹ fi kílípà ṣe gbogbo orí yín. Orí fífá ṣì ni.

Mo padà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi, nítorí n kò lè máa gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá bí ẹni jẹ gbèsè. Mo gbé kílípà àti abẹ tèmi dání nínú àpò. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ṣé iṣẹ́ mi lo fẹ́ wá kọ́ mi ni?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ta ni mo jẹ́? Ṣùgbọ́n a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́, orí mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.”

Mo fi àwọn fọ́tò náà hàn án, pẹ̀lú ọfà tó wà lórí wọn, mo sì fi ti ọjọ́ Ọ̀ṣun hàn án pẹ̀lú. Ó dákẹ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fẹ̀ ẹ́. “Èmi ni mo ṣe èyí?” Mo ní awọ mi ni, pé kò ṣe gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ wá ìpàkọ́ mi fúnra rẹ̀, láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó ní, “Lóòótọ́, ó dà sí òsì.” Láti ọjọ́ yẹn, kó tó fi ọṣẹ tàbí abẹ kan oníbàárà tuntun, ó máa ń kọ́kọ́ fi ìka wọ́ orí onítọ̀hún. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ pẹ̀lú ojú mi.

Ọ̀rọ̀ kílípà àti abẹ ti ara ẹni yìí, kì í ṣe nítorí kókó nìkan. Orí tí awọ rẹ̀ kò le, ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ yọ lára rẹ̀. Kòkòrò Hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, bí ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ ti gbẹ tí ojú kò rí i. Àpótí oníná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń ki kílípà sí, ibi tí iná rẹ̀ bá tàn dé nìkan ló ń bá jà, ìdọ̀tí tó há sí àárín eyín kílípà kò sì ní rí i. Abẹ orí ẹnìkan kò yẹ kó kan orí ẹlòmíràn láé.

Ìgbà ọyẹ́ ni òrí ń ṣiṣẹ́ jù. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mo ń fi í pa orí nígbà yẹn, èyí tí wọn kò po òórùn mọ́. Ìgbà ooru, mo dín in kù, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, á dà pọ̀ mọ́ òógùn. Orí tí kò ní irun kò ní ibòòrùn, nítorí náà bí mo bá máa dúró síta fún iṣẹ́, ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára ó kéré tán, ni mo máa ń pa sí i, tàbí kí n dé fìlà. Fìlà òfì dára lójú, àmọ́ inú rẹ̀ ń ha mí. Ìyá mi fi àdìrẹ rírọ̀ gbá inú tèmi fún mi, mo sì ń fọ̀ ọ́ bí mo ti ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin mi tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn dé. Wọ́n fi abẹ fa ìlà yípo irun rẹ̀, ó mú rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ló wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ń fọwọ́ ha ẹ̀yìn ọrùn. “Dádì, ẹ bá mi wò ó. Ṣé tèmi náà máa rí bíi tiyín?” Mo ní kó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Kókó mẹ́ta ni mo kà. Mo fi ìka méjì wọ́ ibẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó họ. Mo wọ́ ọ láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó lọ wọ́ọ́rọ́. Mo ní kó lọ bá mi gbé fóònù wá nínú yàrá, kí n lè yà á fún un kó rí i.